Lábẹ́ Gìtá Onípẹ́dà

Kò sí ẹgbẹ́ tí mo kórìíra tó ẹgbẹ́ àwọn àgbà onígìtá tí wọ́n máa ń péjọ lọ́jọ́ Àìkú nínú ilé kan tí wọn ò kọ́ parí lẹ́yìn gáréèjì Sàngó. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, títí kan àwọn tó lé mi níṣẹ́. Àwọn bàbá wọ̀nyẹn ò sí nínú wọn.

Gìtá tiwọn kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ ọrùn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, wáyà mẹ́wàá ni wọ́n ta sórí rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó á jókòó tì í, á di irin kan tó ń dán mú lọ́wọ́ òsì, á máa fi irin náà yọ̀ lórí wáyà, á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ pẹ́dà, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ gìtá á fa wáyà, ohùn á gòkè tàbí kó sọ̀. Nígbà tí owó ṣì wà nílùú, kò sí ẹgbẹ́ jùjú tó gbayì tí ò ní ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ a máa sunkún lẹ́yìn orin, inú èèyàn á sì máa dùn pé ó ń sunkún.

Nígbà tí ìjọba gbé SAP, ètò ọrọ̀ ajé tuntun wọn, dé, náírà dojú bolẹ̀, wáyà gìtá di ohun àwátì. Ṣe ni àwọn àgbà wọ̀nyí ń se wáyà ògbólógbòó nínú omi gbígbóná kí ìpẹtà lè bọ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá já, wọn á tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, wọn á fi ọ̀kan nínú rẹ̀ dí i. Wọ́n ti ń darúgbó. Ojú ń dun ọ̀kan, òmíràn ò gbọ́ràn létí kan mọ́, ọ̀dọ́ kankan ò sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wọn. Èèyàn á rò pé irú wọn á máa wá ẹni tí wọn yóò fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ká má rí i!

Gìtá àgbékọ́rùn ni èmi ń ta nínú ẹgbẹ́ kékeré kan l'Ọ́tà ní òpin ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ abọ́ irin ní iléeṣẹ́ kan. Irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ níbi ẹ̀rọ náà kán, wọn ò rí òmíràn rà láti òkè òkun, wọ́n ní ká máa fọgbọ́n ṣe é. Ọgbọ́n mi tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ náà gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi, iléeṣẹ́ di ọgbẹ́ náà fún mi, wọ́n sì fún mi ní ìwé pé kí n máa lọ. Ẹni tí ò ní ìka òsì pé kò lè tẹ ọrùn gìtá. Mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú lọ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ìgbà tí mo sunkún tán ni mo wá ronú pé àwọn bàbá onípẹ́dà kì í fi ìka òsì tẹ nǹkan kan. Irin ni wọ́n ń dì mú. Èmi náà á lè di irin mú. Mo ra ọtí, mo ra obì, mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n mu ọtí náà tán pátá. Lẹ́yìn náà ni èyí tó mọ̀ ọ́n ta jù nínú wọn, bàbá gígùn kan tó wá láti apá Ọ̀yọ́, gbá ọwọ́ mi mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà.

"Gìtá wa kì í ṣe ọsibítù," ló wí. "Ẹni tí máṣíìnì bá jẹ lọ́wọ́, kó lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọtí mi ṣì wà lẹ́nu wọn.

Mo ń lọ ṣá. Mo ń jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo ń wò wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti rí ìwà ahun tó burú jù tí mo rí rí. Oníkálukú wọn ló ní bó ṣe ń fa wáyà tirẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó bọ́ sípò, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá ta gìtá tán, kó tó dìde, á yí gbogbo etí gìtá náà, ibi tí wọ́n ti ń fa wáyà, síbí sọ́hùn-ún, wáyà á dẹ̀, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á kàn máa gbọ́ wọ́rọ́wọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn, ọ̀kan nínú wọn kú. Wọ́n gbé gìtá rẹ̀ wá, wáyà rẹ̀ dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀, wọ́n yí i ká, wọn ò sì rí i fà padà. Mo retí pé wọn á kẹ́dùn. Bàbá gígùn ní, "Ọkùnrin ni. Ó gbé e lọ." Àwọn yòókù sì ń mi orí pé ó ṣe é dáadáa. Mo dìde, mo bọ́ síta.

Kò pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ òsì bàbá gígùn wú, kò lè tẹ pẹ́dà mọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ jùjú tó ń gbé e lọ òde mọ̀ mí. Ó ní kí n máa bá a tẹ pẹ́dà, pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

"Kèrègbè ni ìwọ fúnra ẹ," bàbá dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ebi ò mọ àgbà. Ó gbà.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ gìtá bíi mẹ́káníìkì tó wà lábẹ́ mọ́tò, tí mo ń fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà fún ẹni tí ò fẹ́ rí mi sójú. Bó bá fi orúnkún gbá mi léjìká òsì, pẹ́dà kìíní nìyẹn. Bó bá fi gìgísẹ̀ rẹ̀ tí kò wú gún mi léjìká ọ̀tún, ìkejì nìyẹn. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ó di orí agbárí. Kí n má baà rí bí àwọn ọ̀pá ṣe ń fa wáyà, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ bo abẹ́ gìtá náà, ó dì í pinpin. Ó gbàgbé pé mo ní etí. Lábẹ́ ibẹ̀, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó gìtá, gbogbo wáyà ń dún wọ inú agbárí mi. Mo ń kó wọn jọ níkọ̀ọ̀kan, bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ní ìgbà mìíràn, bó bá yọ irin náà lọ sókè tí èmi sì tẹ pẹ́dà sí i lásìkò, omi á lé sí mi lójú, mo sì kórìíra rẹ̀ sí i.

Iléeṣẹ́ tó gé ìka mi ló pe ẹgbẹ́ náà síbi ayẹyẹ ìparí ọdún àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀sán ni. A ṣeré tó dùn, àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ń jó. Súpáfáísọ̀ mi àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí mi lábẹ́ gìtá.

"Ah! Na you be dis? So na under guitar you come find work?"

Ó pe àwọn míì wá wò mí. Ojú tì mí, mo ń tẹ pẹ́dà lọ. Nígbà tí orin parí, ọ̀gá ẹgbẹ́ fẹ́ tù mí nínú, ó wá wí lójú gbogbo ayé pé, "Má wò wọ́n. Lọ́jọ́ tí bàbá ò bá sí mọ́, ìwọ lo máa jókòó síbẹ̀ yẹn."

Bàbá na ọwọ́ sí etí gìtá. Mo ṣì wà lábẹ́ gìtá nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn wáyà ń dẹ̀ lókè orí mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ohùn mọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn mọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ dúró díẹ̀, nígbà tó sú u, ó ra dùùrù oníná, ó sì fi àwa méjèèjì sílẹ̀.

Èmi ò fi gìtá onípẹ́dà sílẹ̀ ní tèmi. Kápẹ́ńtà kan àti wẹ́dà kan bá mi kan gìtá tèmi. Mo fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so irin mọ́ àwọn ìka tó ṣẹ́ kù. Mo fa wáyà mẹ́sàn-án, wọ́n bọ́ sí i bí mo ṣe gbọ́ wọn lábẹ́ ibẹ̀. Ìkẹfà kọ̀ jálẹ̀. Bàbá kì í ta wáyà yẹn lóun nìkan, àárín àwọn yòókù ló máa ń fi í pamọ́ sí. Mo fà á títí ó fi já, mo wá òmíràn, mo tún fà á. Láìsí i, gìtá mi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìní eyín iwájú.

Mo wá gbọ́ pé bàbá ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Mo lọ kí i. N kò ní parọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi lọ, wáyà kẹfà ni. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Bàbá yín ò gbádùn rárá." Gìtá náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n to abọ́ lé e lórí. Bàbá rí mi, ó kọjú sí ògiri.

Mi ò tọrọ àyè. Mo kó abọ́ sílẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rẹ̀. Bí mo ṣe ń fà wọ́n tí wọ́n ń bọ́ sípò, mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń le. Mo fa ìkẹfà sí ibi tí mo rò, mo ta gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó burú. Mo fà á sókè sí i. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá fi ìrọ̀rí bo etí. Mo tún fà á.

"Dẹ̀ ẹ́!" Ó ti yíjú padà sí mi. "Dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, òpònú! Ta ló ní kó o máa gbé e lọ sókè? Dẹ̀ ẹ́ sí i. Sí i. Ó tó! Má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Mo ta á. Ohùn náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń bọ́ lójú bàbá, ó sì ń wò mí bí ẹni tí mo jà lólè.

"Jáde nílé mi," ló wí.

Mo jáde. Mo ń fi imú kọ ohùn wáyà kẹfà náà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí mo fi délé, kó má baà bọ́ lọ mọ́ mi lórí. Àwọn èèyàn ń kí mi lójú ọ̀nà, àgbà àti èwe. Mi ò dá ẹnì kankan lóhùn.