Ìyálé Mi Inú Àwòrán

Mò ń nu ojú ìyálé mi lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní àdúgbò wa ní Mọnróvíà. Ẹ má rò ó síbòmíràn o, àwòrán ni. Ọkọ mi ń ta àwòrán, ó sì ń fi férémù sí i. Obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lé ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ bí ìyàwó tuntun, ọkọ mi ní, "Ìyálé rẹ nìyí, kúnlẹ̀ kí i." Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, "Ẹ kú àárọ̀, ìyálé mi" ni mo fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìrẹsì tán. Omi tán. Ewé ọ̀dùnkún tí kò níyọ̀ là ń jẹ. Nígbà tí ilé ẹ̀yìnkùlé wa jóná, ọkọ mi yọ àwòrán náà nínú férémù, ó ká a sí abíyá, a bọ́ sọ́nà.

Àwọn ọlọ́tẹ̀ ti na okùn dí títì. Àwọn ará Nàìjíríà ni wọ́n ń wá, torí ṣọ́jà ilẹ̀ wa ti dé láti bá wọn jà. Ọkọ mi gbọ́ èdè wọn bí onílùú. Ó ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́tẹ̀ kan tú àwòrán náà.

"Ta nìyí?"

"Ìyàwó mi ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé okùn sókè fún un. Ó wá kàn mí.

"Ìwọ ńkọ́, ta ni ọkọ rẹ?"

Mo nawọ́ sí i.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pe ọkọ yín lórúkọ gbàgà. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. A ò sì tíì bímọ tí mo lè fi pè é. Mo la ẹnu, ohun tí mo ń pè é nílé ló jáde.

"Bọ̀ọ̀dá mi ni."

"Ọkọ rẹ àbí ẹ̀gbọ́n rẹ? Òpùrọ́!" Ó pe ọkọ mi padà. "O mọ obìnrin yìí?"

Ọkọ mi wò mí dáadáa.

"N ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó ń lọ, ìyálé mi wà lábíyá rẹ̀. Mo ti rí òkú lójú títì, kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí mo fẹ̀yìn tì ló yẹ̀.

Wọ́n ti èmi àti àwọn mìíràn tí wọ́n mú mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, omi òjò là ń mu. Ọ̀pọ̀ tí a jọ wọlé, a ò jọ jáde. Lọ́jọ́ tí ìbọn dákẹ́, ẹyẹ kan ké, mo da ara mi bolẹ̀.

N ò rí ọkùnrin náà mọ́. Mo padà sílé, mo fẹ́ ẹlòmíràn, mo bímọ. Ọmọ náà ni nọ́ọ̀sì tí mò ń bá gbé ní Laurel, ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀, Dámi, lẹ àwòrán kan tó rà mọ́ ògiri pálọ̀. Aṣọ dúdú, ọwọ́ lé ọwọ́. Mo wá àga jókòó.

"Grandma, nobody knows her o. Unknown woman ni wọ́n kọ."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyálé mi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí ni name ọkọ yẹn?"

Ẹnu mi ṣì fẹ́ sọ pé Bọ̀ọ̀dá mi. Mo wo ìyálé mi lójú.

"Ràsákì," ni mo wí. "Ràsákì ni."