Òwú Tí Ó Gbọ̀n Láìsí Ọwọ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú, òórùn kan wà tí ó máa ń dúró sí àgbàlá wa ní Ìsẹ́yìn: òórùn eruku, ti èéfín igbó tí wọ́n dáná sun, àti ti òwú aláró tí wọ́n sá sórí okùn. Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn aró báyìí, ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo máa ń rántí, ara mi a sì bù máṣọ. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ mí, n kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà.

O máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, pé mò ń gba owó oṣù lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. O kò parọ́. Ìràwọ̀ tó ti kú ni iṣẹ́ mi: èyí tó kú tó sún kì, tí ìwọ̀n ṣíbí kan rẹ̀ wúwo ju òkè lọ, àti èyí tó rì sínú ara rẹ̀ pátápátá tó di ihò dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá bá wọ ibẹ̀ tí kò ní jáde mọ́. Bí méjì nínú wọn bá yí ara wọn po títí tí wọ́n fi kọlu ara wọn, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ á gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á sì máa rìn bọ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbì òòfà là ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan ló ń sọ fún wa pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Baba mi ń hun aṣọ òkè. Ó máa ń jókòó sídìí òfì láàárín àwọn ahunṣọ mìíràn lábẹ́ àtíbàbà, òwú á nà gbọọrọ níwájú rẹ̀ gba àgbàlá kọjá, wọn á so ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta kan tó wà lórí pákó, òkúta náà á sì máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn. Bí ohunkóhun bá kan òwú lọ́hùn-ún, ọwọ́ ahunṣọ á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ èyí di ìkíni tirẹ̀. Bó bá ti oko dé, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nídìí òkúta, á fi ìka ta òwú Baba. Baba á ní, “Ó ti dé,” láìgbójú sókè. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí gba Ṣakí kọjá bodè, ó ní Líbíà lòun ń lọ. Ó pè wá láti etí aṣálẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdún gorí ọdún. Àlùfáà àdúgbò wá ní ìdúró náà tó gẹ́ẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ ṣe opó kí ó sì gba òmìnira, torí ọmọdé ṣì ni. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní ṣe opó ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sínú abọ́, tí á dé e, bí ilẹ̀ bá mọ́ á dà á fún adìyẹ. Ó rù kan egungun. Baba pè mí lórí fóònù pé, “Ìwọ tó o kàwé, wá bá a sọ̀rọ̀ kó má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́.”

Mo lọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì Baba, mo so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn, torí a ti rí ọgbọ́n fi sọ ìgbọ̀n ojú ọ̀run di ìró tí etí lè gbọ́. Èrò mi ni pé bí ó bá gbọ́ ọ, á gbà pé èèyàn lè mọ ikú tí kò fojú rí. Ìyàwó wa jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń kùn, ó ń gòkè, ó ń yára, ó ta sókè lójijì, ó sì dákẹ́ wáí.

“Ọkọ mi Akọ̀wé, kí nìyẹn?” Orúkọ tó fún mi nìyẹn látìgbà tó ti wọlé wa.

“Ìràwọ̀ méjì tó ti kú ló kọlu ara wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, ìró ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

“Ṣé ẹ rí wọn?”

“A ò rí wọn.”

Kí ó tó fèsì, ọwọ́ Baba dúró lórí òfì. “Ó ti dé,” ni Baba wí, láìgbójú sókè.

Ìgbà tó yá ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Gbogbo wa wo ọ̀ọ́kán. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí òkúta. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé dóńgóyárò kò mì, ṣùgbọ́n òwú ń gbọ̀n. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, láti ìdí òkúta ni ó ti ń gbọ̀n bọ̀ wá bá wa. Àwọn ahunṣọ yòókù dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró.

Mo ní gbohùngbohùn ló mì í. Mo tún jẹ́ kí ìró náà dún, mo yí i sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo tẹjú mọ́ òwú. Kò mira. Mo tún un ṣe. Kò mira. Nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, Baba ní, “Ó tó.”

Ìyàwó wa dìde. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú títí dé ìdí òkúta. Eruku ọyẹ́ tó bo ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀ àfi tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ó padà wá kúnlẹ̀ níwájú Baba.

“Baba, ẹ bá mi pe àlùfáà. Ẹni tó dé tá ò rí, ó ti lọ nìyẹn.”

Ó ṣe opó rẹ̀ pé, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìgbòho. Wọ́n ní ó ti sanra. Èmi ṣì ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kiri. Ó lè jẹ́ alángbá, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó kọjá lójú títì tí mi ò gbọ́; bí mo bá sì ronú kàn án báyìí, ara mi kì í gbà á. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yé mi. Mo pe ara mi ní ẹni tó wá kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń gba ikú gbọ́. Nígbà tí mo wá ń jẹ́ kí ìró yẹn dún léraléra, kì í ṣe òótọ́ ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí òwú náà tún gbọ̀n fún ìró ẹ̀rọ mi, kí n lè sọ pé ẹ̀rọ ni, kí ẹ̀gbọ́n mi sì ṣì wà lájò. Òwú kò mira. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà àkọ́kọ́.