Obìnrin Tí Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Ilé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú. Ìjì ti wó ilé púpọ̀ ní àdúgbò wa ní Ṣakí. Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn láti pín ìrẹsì àti aṣọ ìbora. Àwa tí a ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́ ni a ràn án lọ́wọ́.

Ìró ìka rẹ̀ ni mo fi ń rántí rẹ̀. Kí ó tó gba ohunkóhun gbọ́, ìbáà ṣe àpò ìrẹsì, yóò kọ́kọ́ fi ìka kàn án, kò-kò-kò. Ó ní kí ẹni tí ilé rẹ̀ bá wó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ wá, kí òun lè gbà á gbọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan ru tirẹ̀ dé. Obìnrin náà kàn án, ó sì ké bí ó ti mọ́ ọn lára:

“Àgò onílé o!”

“Àgò yà o,” ni bàbá dáhùn lábẹ́ ilẹ̀kùn. “Ẹ wọlé, Màdáámù, ẹ má wulẹ̀ bọ́ bàtà.”

Nígbà tí ó yí kan Ìyá Ìbejì, ọwọ́ òfìfo ni ó mú wá. Ìjì ti gbé ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ, òtútù sì ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dúró tì í.

“Kí ni kí n wá kàn báyìí?” ni obìnrin náà béèrè.

“Màdáámù, ẹ kan atẹ́gùn. Òun nìkan ló kù nílé wa.”

Obìnrin náà wò wọ́n títí. Ó na ìka, ó kan òfuurufú:

“Àgò onílé o!”

“Àgò yà o!” ni àwọn ìbejì jùmọ̀ ké.

Ó fún wọn ní ìrẹsì àti aṣọ ìbora méjì.

Láti ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ wo ilé àwọn ènìyàn.