Pọ́ǹpù Tó Ń Fa Àtàǹpàkò: Bí Mo Ṣe Lọ Ra Ẹ̀yà Ọkọ̀ ní Challenge

Igba náírà ni wọ́n fi ń tọ̀ ní Challenge, n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ̀ ń tọ̀ sídìí igi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gba àádọ́jọ, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní, "Ìyá, ẹ lọ tọ ìdajì." Ẹ máa rántí igba náírà yẹn, torí òun ló bá mi ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ pikọ́ọ̀pù mi, ọkọ̀ dísù àtijọ́ tí mo fi ń kó tòmátì, tó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ó kú sójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ Ajé. Mùfú mẹkáníìkì tú u, ó yọ irin kan tó tó ìkúùkù jáde: pọ́ǹpù tó ń fa dísù láti inú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ní ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ogún apẹ̀rẹ̀ tòmátì mi ti wà ní kíká lóko. Bí ọkọ̀ ò bá gbéra ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, omi ọbẹ̀ ni mo máa rù lọ sọ́jà.

"Ẹ mú òkú ẹ̀ dání lọ sí Challenge, kí wọ́n fi wo òmíì fún yín," ni Mùfú wí. "Ẹ má wo dídán o. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò tó fi ń fa dísù, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ kejì tẹ orí pọ́ǹpù. Bí kò bá fa àtàǹpàkò yín bí ìkókó ṣe ń fa ọmú, ẹ dá a padà fún wọn."

Mo gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi fa ilà mẹ́ta sábẹ́ pọ́ǹpù náà. Ilà mẹ́ta yẹn ló wà lára gbogbo apẹ̀rẹ̀ mi. Ẹni tó bá kó apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà tí kò sàmì sí i, jákujàku ẹlòmíì ló máa kó bọ̀ wálé.

"Òkú irin lẹ tún ń sàmì sí?" ni Mùfú ń bi mí.

"Bó kú, tèmi ni."

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Mọ́níyà. Ní Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ti wọ tasí. Èmi àti ìyá kan tó sanra jù mí lọ ni wọ́n tò sí iwájú, bí ẹni to iṣu. A gba iwájú Agbowó kọjá, níbi táwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Wọ́n ń ta tòmátì mẹ́rin nínú ọ̀rá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mẹ́rin! Lọ́dọ̀ wa, mẹ́rin lènì.

Dírẹ́bà ní, "Ìyá, kí ló wà nínú ọ̀rá yín tó ń rùn bí dísù?"

"Òkú ni."

"Òkú kẹ̀!"

"Òkú pọ́ǹpù. Challenge ni mò ń gbé e lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń jí òkú."

Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí. A há ní Dùgbẹ̀ títí tí mo fi ka fèrèsé Cocoa House tì, ká tó bọ́ sí Ring Road, ká tó dé Challenge.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà, Wàìdí ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Irùngbọ̀n ẹ̀ kún dáadáa, ẹnu ẹ̀ sì dùn ju irùngbọ̀n lọ. Ó kọ́kọ́ gbé tuntun inú páálí kalẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ó fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Èmi tí mi ò kàwé, mo rí i pé lẹ́tà ara páálí ò bá tara irin mu.

"Mọ́mì, ojú yín là! Tòkunbọ̀ lẹ fẹ́." Èyí ni ẹ̀yà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó tó ti lò ó, tí wọ́n wá kó gba orí òkun wá. Wọ́n ní ó máa ń tọ́ ju tuntun lọ. "Ẹ fi tiyín sílẹ̀, kí n fi wá a ní sítọ́ọ̀."

Ìtọ̀ sì ti ń gbọ̀n mí láti Dùgbẹ̀. Mo lọ san igba náírà mi, mo tò sẹ́yìn èèyàn mẹ́fà.

Nígbà tí mo padà dé, pọ́ǹpù kan ń dán lórí tábìlì.

"Tòkunbọ̀ pọ́ńbélé, Mọ́mì! Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Tiyín náà rèé." Ó na òmíì tó kún fún gírísì sí mi.

Mo gbé èyí tó ń dán. Ó tutù. "Ọmọ mi, ṣé inú òkun lo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ ni, tó fi ń kán?"

"Epo tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Mo fi àtàǹpàkò dí ihò, mo tẹ̀ ẹ́. Kò fà. Àtàǹpàkò mi kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ. Mo yí i padà, ilà mẹ́ta ń wò mí láti abẹ́.

Ẹ̀rín gbé mi. Èmi tí mo máa ń to tòmátì ńláńlá sójú apẹ̀rẹ̀, tí mo ń fi wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, mo ti rí ọ̀gá mi.

"Wàìdí, ṣé o lè búra pé èyí tó ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Wàláì! Ẹni tó bá rí i rà ní ọgbọ̀n ti jèrè."

"Ó yá, mú ọgbọ̀n wá. Èmi ni mo ni ín, mo tà á fún ọ. Jèrè!"

Mo fi ilà mẹ́ta hàn án, mo ń pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n wá wo òkú tó jí. Ariwo ẹ̀rín sọ. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo pọ́ǹpù, ó wo Wàìdí, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò wá láṣìírí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa pọ́ǹpù kan jáde lábẹ́ àga ara ẹ̀. Ó gbẹ, ó kún fún eruku, kò wu ojú rárá. Mo fi àtàǹpàkò sí i, mo tẹ̀ ẹ́: ó gbá a mú débi tí mo fi pariwo.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n lowó ẹ̀ lóòótọ́," ni bàbá wí, "àmọ́ nítorí ìtìjú tí èyí kó bá mi, ẹ mú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá."

Mo sanwó, mo gba òkú mi mọ́ ọn. "Wàìdí, lọ́jọ́ míì, kó o kọ́kọ́ sá a sóòrùn o."

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ìwọ lo jẹ́ kó dínwó."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìsẹ́yìn. Mùfú de pọ́ǹpù mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tu èéfín dúdú lu Mùfú lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ogún apẹ̀rẹ̀ dé ọjà, omi ò kán lára ọ̀kan. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n fi àtàǹpàkò béèrè kí n tó fi ojú gbà. Láti ọjọ́ náà, mo ti ń fi wẹ́wẹ́ díẹ̀ sójú apẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o.

Bí mi ò bá lọ tọ̀, Wàìdí ì bá má ráyè fọ òkú mi, bàbá ì bá má sì tijú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni ó yọ fún mi. Ẹ yọ owó ìtọ̀ kúrò níbẹ̀: ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀rin náírà ni mo jèrè.