Àlọ Ire Páálí Òrí

Kò sí páálí òrí tó ń kúrò nílé wa ní àdúgbò Asata tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í fọwọ́ pa lórí bí ọmọ tó ń rìnrìn àjò. "Àlọ ire, àbọ̀ ire," ni wọ́n máa ń wí.

Àwọn páálí náà sì ń bọ̀ lóòótọ́. Ilé ìtajà ńlá tí à ń kó òrí fún ló ń dá wọn padà, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò rí bákóòdù wa kà. Èmi ni mo ṣe ètò tó ń tẹ lébẹ̀lì jáde fúnra rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí ojú fi ń ro mí, n ò rí àṣìṣe.

"Akọ̀wé rẹ yìí ò mọ̀wé," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń sọ fún mi nípa ètò náà.

Lọ́jọ́ kan ni mo wo ọwọ́ wọn dáadáa. Òrí ló kún un. Ọ̀rá àdúrà yẹn ló ń pa ìlà bákóòdù rẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń ní kí wọ́n máa bọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á nu ọwọ́, wọ́n á ní, "Àlọ ire," wọ́n á dákẹ́. Páálí kankan ò padà mọ́.

Lọ́jọ́ tí a gbé pósí wọn jáde, mo fọwọ́ kàn án. "Àlọ ire," ni mo wí. Ó wù mí kí n sọ ìyókù.