Ìtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Ọgbà Lọ́yà

Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Lotto, ní Mowe, máa ń sọ pé òkú lọ́yà wà nínú ọgbà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Lọ́yà iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ni aládùúgbò mi yìí, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà wọn kó tó fẹ̀yìn tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ́lé sí Èkó, kó má mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun wá sọ́dọ̀ wa. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó fa omi rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ògiri, kí ẹnikẹ́ni lè pọn ọ́n láìkan ìlẹ̀kùn. Láàárọ̀ Sátidé, tòun ti ìgbálẹ̀ lẹ máa bá a lójú gọ́tà.

Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé wa. Ní ìpàdé kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sin òkú sínú ọgbà mọ́, nítorí omi kànga là ń mu. Inú àwọn àgbà kò dùn. Ní ilẹ̀ wa, inú ilé ẹni là ń sin ẹni sí.

Bàbá kan bi í pé, "Lọ́yà, ṣé ẹ̀yin ò ní kú ni?"

"Màá kú, Bàbá. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi mí mu gàrí ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó sọ fún wa pé nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, iléeṣẹ́ rán òun lọ sí abúlé etídò kan tí epo ti wọ inú kànga wọn.

"Mo gba àre fún iléeṣẹ́ wa nílé ẹjọ́," ó wí. "Títí dòní, omi yẹn ṣì ń wá bá mi lójú àlá. Ohun tó bá wọlẹ̀, omi ló ń gbé e kiri."

A fọwọ́ sí òfin náà.

Òun ló kọ́kọ́ kú lẹ́yìn òfin náà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti mú kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí abẹ́ fèrèsé yàrá wọn, kò jìnnà sí kànga.

"Bàbá Tíṣà, ẹ má sọ nǹkan kan fún mi. Mo fẹ́ ibi tí màá ti máa kí i."

Mo jókòó tì í lórí ẹní. "Ìyàwó wa, òfin tí ọkọ yín fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni."

"Ṣé òfin ló fẹ́ ẹ ni, àbí èmi?"

Àbúrò bàbá olóògbé, tó ti Ifọ̀ wá, dá sí i. "Ifọ̀ la ti bí i. Sàréè bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ààyè ò há."

Obìnrin náà dìde, ó wo kòtò náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Mi ò ní sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú yín."

Ṣùgbọ́n kòtò ti wà nílẹ̀. A kì í dí kòtò òkú lófìfo, kó má baà wá ẹlòmíràn wọlé. Bàbá ará Ifọ̀ ní kí wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mú aṣọ funfun ọkọ rẹ̀ jáde, a fi wé ìtí náà, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

A sin lọ́yà sí Ifọ̀. Nígbà tí a padà dé, ìròyìn aṣọ funfun tó wọ kòtò ti gba àdúgbò, kò sẹ́ni tó pọnmi lẹ́yìn ògiri náà mọ́. Mo máa ń dúró níbẹ̀, màá ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kì í ṣe òkú." Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Tíṣà," wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì wọn kọjá. Àwọn kan ní àwọn ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lójú gọ́tà láàárọ̀ Sátidé. N kò bá wọn jiyàn, nítorí èmi náà ti gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó náà pè mí wọlé. Abọ́ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sin ín síbí nítorí omi. Omi ọ̀hún nìyí. Ta ló ń mu ún?"

Mo gba abọ́ náà, mo mu ún tán. Ó tutù, kò ní òórùn kankan. Ọ̀fun mi ni obìnrin náà ń wò títí mo fi gbé e mì.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa."

Ó yíjú sí òkìtì tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí aya tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé.

"Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní ó dáa."