Ọwọ́ Tí Mo Fi Fa Káàdì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Gwagwalada ń ta pókà. Mo fẹ́ lọ bá wọn wí, ṣùgbọ́n ìró káàdì tí wọ́n ń pò gbé mi padà sí Abaji, kí Àbújá tó di olú-ìlú, sí ọ̀sán tí bàbá mi pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

“Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá rẹ la fi ta tẹ́tẹ́ yìí. Wá bá mi fa káàdì kan. Ọwọ́ ọmọdé kì í kùnà.”

Mo nu òróró àkàrà kúrò lọ́wọ́, mo fa ọ̀kan. Awakọ̀ tó ń bá bàbá mi ta káàdì rẹ́rìn-ín.

“Kai, ọwọ́ ọmọ rẹ burú.”

Ó dìde, ó lọ gbé ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi ni awakọ̀ náà tó sọ fún mi pé òun ti jẹ ẹ̀rọ náà nínú tẹ́tẹ́ kí bàbá mi tó pè mí.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi béèrè ẹ̀rọ rẹ̀.

“Bi ọmọ rẹ,” ni bàbá mi wí. “Òun ló fa káàdì.”

“Ọwọ́ wo lo fi fà á?” ni ìyá mi bi mí.

Mo yára na ọ̀tún, torí òun ló kọ́ mi pé a kì í fi òsì mú nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó mú rúlà tó fi ń wọn aṣọ, ó fi lu ọwọ́ náà títí rúlà fi ṣẹ́.